Píjò 504 tó ti di ẹbí: Ẹ tún ìjánu rẹ̀ ṣe kó tó já

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ẹní bá mọ iyì wúrà là ń tà á fún. Bí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ Píjò 504 ṣe rí nìyẹn lọ́wọ́ àwọn bàbá wa tí wọ́n ti ń wà á láti bí ogójì ọdún sẹ́yìn. Ọmọ á pè láti òkè òkun pé òun fẹ́ ra ọkọ̀ mìíràn fún bàbá, bàbá á ní kó fi owó náà ránṣẹ́ kí òun fi tún 504 òun ṣe. Ẹni tí kò mọ ìtàn ọkọ̀ náà lè máa fi bàbá ṣe yẹ̀yẹ́, ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kò ní rẹ́rìn-ín. Ọkọ̀ yìí ló gbé ìyàwó wọlé, òun ló gbé àwọn ọmọ lọ sí ilé ìwé gíga, òun náà ló sì ń gbé kòkó àti iṣu dé ọjà nígbà tí ọ̀nà oko kò ṣeé gbà fún ọkọ̀ mìíràn.

Ohun tó ń kọni lóminú ni pé bó ti wù kí ẹ́ńjìnnì 504 lágbára tó, ìjánu rẹ̀, èyí tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní bíréèkì, kì í ṣe ohun tó ń wà títí láé. Páàdì ń jẹ, rọ́bà ń gbó, páìpù ń dípẹtà, ọ́ìlì inú rẹ̀ náà sì ń bàjẹ́. Ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò dáa kò ní kúrò nílé, ìyẹn kò sì pa ẹnikẹ́ni lára. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tí ìjánu rẹ̀ kò dáa yóò gbéra, yóò sì sáré. Ìgbà tí a bá fẹ́ kó dúró ni kò ní dúró. Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò finnífinní, kí ẹni tó fẹ́ràn ọkọ̀ rẹ̀ lè mọ ohun tó yẹ kó bèèrè lọ́wọ́ mẹkáníìkì, kí ẹni tó ń wọ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ sí ọjà náà sì lè mọ ìgbà tó yẹ kó sọ̀ kalẹ̀.

Ìtàn ọkọ̀ náà

Ọdún 1968 ni ilé iṣẹ́ Peugeot ti ilẹ̀ Faransé gbé 504 jáde. Nígbà tó di ọdún 1969, wọ́n fún un ní àmì ẹ̀yẹ ọkọ̀ tó ta yọ jù lọ ní ilẹ̀ Yúróòpù. Ní ọdún 1975, ilé iṣẹ́ Peugeot Automobile Nigeria, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí PAN, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ìlú Kàdúná, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń to 504 fún àwa ará Nàìjíríà. Lọ́dún yẹn kan náà, 504 gba ipò kìn-ín-ní níbi ìdíje Safari Rally ní ìlà oòrùn Áfíríkà, ìdíje tí wọ́n ń sá lórí ọ̀nà eruku àti ẹrẹ̀. Ó tún gbà á lẹ́ẹ̀kan sí i ní ọdún 1978. Kò yani lẹ́nu nígbà náà pé òṣìṣẹ́ ìjọba, olùkọ́, oníṣòwò àti awakọ̀ èrò ló ń du ọkọ̀ yìí. Wágọ́nù rẹ̀, tó ní ìjókòó ìlà mẹ́ta, ló sọ ọ̀nà Ìbàdàn sí Èkó àti ọ̀nà Àkúrẹ́ sí Benin di ilé.

Faransé ti jáwọ́ nínú 504 onílé, ìyẹn sàlúùnù, láti ọdún 1983, ṣùgbọ́n Kàdúná kò dáwọ́ dúró títí di nǹkan bí ọdún 2005. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò rẹ̀: èyí tó kéré jù lọ́jọ́ orí nínú wọn ti tó nǹkan bí ogún ọdún, ọ̀pọ̀ nínú èyí tó wà ní abúlé sì ti lé ní ogójì. Kò sí rọ́bà tí wọ́n ṣe nígbà náà tó ṣì yẹ kó máa ṣọ́ ẹ̀mí ènìyàn lónìí.

Bí ìjánu ṣe ń dá ọkọ̀ dúró

Bí ẹ bá tẹ bíréèkì, ẹsẹ̀ yín ń ti irin kan tó wọ inú ohun kékeré kan lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n ń pè ní másítà sílíńdà. Ọ́ìlì bíréèkì ló wà nínú rẹ̀. Ọ́ìlì yìí kì í súnkì bí a bá tẹ̀ ẹ́, nítorí náà agbára ẹsẹ̀ yín á gba inú páìpù tín-ín-rín dé ibi táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Níwájú 504, ọ́ìlì náà á ti páàdì méjì kí wọ́n há irin pẹrẹsẹ tó ń yí pẹ̀lú táyà, ìyẹn dísìkì, mọ́ àárín. Lẹ́yìn wágọ́nù, dúrọ́ọ̀mù ló wà níbẹ̀. Bíréèkì ṣúù méjì ló wà nínú dúrọ́ọ̀mù kọ̀ọ̀kan, ọ́ìlì á sì tì wọ́n síta kí wọ́n lè dì mọ́ ọn. Nínú àwọn sàlúùnù, òmíràn ní dísìkì lẹ́yìn, òmíràn ní dúrọ́ọ̀mù, nítorí náà ẹ jẹ́ kí ẹni tó fẹ́ ra ohun èlò kọ́kọ́ tú táyà wò.

Ohun mìíràn tún wà tí wọ́n ń pè ní haidirováàkì, ìyẹn ohun rogodo dúdú tí másítà sílíńdà lẹ̀ mọ́. Ẹ́ńjìnnì ló ń fa atẹ́gùn inú rẹ̀, ìfà yẹn ló sì ń ran ẹsẹ̀ yín lọ́wọ́. Ìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá ti kú, ẹ lè tẹ bíréèkì lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì kó ṣì mú, lẹ́yìn náà á le bí òkúta. Láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, tí epo sì ti wọ́n gógó, àwọn awakọ̀ kan a máa pa ẹ́ńjìnnì bí wọ́n bá ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè, kí epo má baà jò. Epo tí wọ́n fi pamọ́ kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí wọ́n fi wewu, nítorí pé orí òkè gan-an ni wọ́n ti yọ ọwọ́ olùrànlọ́wọ́ kúrò lára ìjánu.

Òkè ló ń dán ìjánu wò

Iṣẹ́ ìjánu ni láti sọ eré ọkọ̀ di ooru. Ẹni tó bá ti fọwọ́ kan dísìkì lẹ́yìn ìrìn àjò mọ bó ṣe ń gbóná tó. Bí eré bá di ìlọ́po méjì, ibi tí ọkọ̀ nílò kó tó lè dúró yóò di ìlọ́po mẹ́rin. Lórí eré 100 kìlómítà ní wákàtí kan, ọkọ̀ ń rìn tó mítà 28 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan péré, ẹsẹ̀ yín sì lè má tíì kan bíréèkì lásìkò náà.

Ọ̀rọ̀ wá kan ọ́ìlì bíréèkì. Ọ́ìlì yìí a máa fa omi láti inú afẹ́fẹ́, pàápàá ní àgbègbè wa tí òjò ti ń pọ̀. Èyí tí wọ́n kọ DOT 3 sí lára, bó bá jẹ́ tuntun, kò gbọdọ̀ hó kí ooru rẹ̀ tó dé ìwọ̀n 205 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Bí omi bá ti wọ inú rẹ̀ dé ìwọ̀n kan, ó lè máa hó ní nǹkan bí 140. DOT 4 ṣe é gbára lé jù bẹ́ẹ̀ lọ: 230 ni ti tuntun rẹ̀, 155 sì ni ti èyí tí omi ti wọ̀. Bí ọ́ìlì bá hó, á di oru, oru sì ń súnkì. Ẹ ó tẹ bíréèkì, á sì lọ sílẹ̀ pátápátá láì mú ohunkóhun.

Ìdí nìyí tí ọkọ̀ kan náà tó ń dúró dáadáa láàárín ìlú fi lè kọ̀ láti dúró bó bá kún fún èrò àti ẹrù, tó sì ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí àwọn òkè Ẹ̀fọ̀n Aláayè sí ìhà Ẹrin Ìjẹ̀ṣà, tí awakọ̀ sì gbé ẹsẹ̀ lé bíréèkì láti òkè dé ìsàlẹ̀. Mẹkáníìkì á dé ibẹ̀ lẹ́yìn tí gbogbo nǹkan ti tutù, á tẹ̀ ẹ́ wò, á sì mú. Àwọn ènìyàn á wá ní iṣẹ́ ayé ni. Ọ́ìlì tí kò sẹ́ni tó pààrọ̀ láti ọdún mẹ́wàá ló hó.

Ohun tí ọkọ̀ ń sọ

Ìjánu kì í sábà já láì kọ́kọ́ ránṣẹ́. Àìgbọ́ èdè rẹ̀ ló ń jẹ́ ká sọ pé òjijì ni. Bí bíréèkì bá ń rọ̀ bíi tìmùtìmù lábẹ́ ẹsẹ̀, tó jẹ́ pé ìgbà tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta ló tó ń mú, atẹ́gùn ti wọ inú páìpù, tàbí kí bíréèkì ṣúù ti jìnnà sí dúrọ́ọ̀mù. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ tí ó sì ń rọra rì lọ sílẹ̀, rọ́bà inú másítà sílíńdà ti jẹ, tàbí kí ọ́ìlì máa jò níbì kan. Bó bá le koko tí ọkọ̀ kò sì tètè dúró, ẹ yẹ haidirováàkì wò àti họ́ọ̀sì tó so ó mọ́ ẹ́ńjìnnì.

Bí ọkọ̀ bá ń fà sí apá kan nígbà tí ẹ bá tẹ bíréèkì, ó lè jẹ́ pé irin tó ń ti páàdì ní apá kejì ti gan, tàbí pé ọ́ìlì ti kán sí páàdì. Bí táyà kan bá ń gbóná ju àwọn yòókù lọ, bíréèkì rẹ̀ kò tú sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìgbà ló jẹ́ pé họ́ọ̀sì rọ́bà tó gbó ló wú nínú, tó ń jẹ́ kí ọ́ìlì wọlé àmọ́ tí kò jẹ́ kó padà. Ojú kò lè rí èyí láti ìta. Bí ẹ bá wá ń gbọ́ ariwo bí ìgbà tí irin ń lọ irin, páàdì ti tán, dísìkì gan-an ni wọ́n ń jẹ yẹn.

Ẹ má gbàgbé pé ọ̀pọ̀ 504 ní másítà sílíńdà tó pín ọ́ìlì sí ọ̀nà méjì, kí ìkan lè ṣiṣẹ́ bí èkejì bá já. Oore ńlá ni, ṣùgbọ́n ó tún ń tan awakọ̀ jẹ. Ìdajì ìjánu á ti kú, bíréèkì á kàn máa lọ sílẹ̀ díẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, awakọ̀ á sì ní, "Ó ṣì ń mú."

Àtúnṣe tó péye

Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí ọkọ̀ dúró lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, kí wọ́n fi òkúta há táyà. Kò sẹ́ni tó yẹ kó wọ abẹ́ ọkọ̀ tó jẹ́ pé jáàkì nìkan ló gbé e dúró. Kí wọ́n tú táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kì í ṣe èyí tó ń pariwo nìkan. Páàdì tó bá ti kù bíi mílímítà mẹ́ta kò yẹ kó padà síbẹ̀. Bí wọ́n bá sì fẹ́ pààrọ̀ páàdì apá ọ̀tún, ti apá òsì gbọ́dọ̀ bá a lọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọkọ̀ á máa fà sí apá kan.

Bí ọ̀rọ̀ bá kan ti rọ́bà, ẹ jẹ́ kí wọ́n pààrọ̀ gbogbo rẹ̀ pa pọ̀: ti másítà sílíńdà, ti àwọn sílíńdà kéékèèké lẹ́yìn, àti ti iwájú, kí wọ́n sì fi họ́ọ̀sì tuntun rọ́pò èyí tó ti sán. Rọ́bà tuntun nínú sílíńdà tí ìpẹtà ti jẹ inú rẹ̀ kò ní pẹ́ tí yóò fi ya. Bí inú rẹ̀ kò bá dán mọ́, ẹ ra sílíńdà mìíràn.

Lẹ́yìn èyí ni wọ́n á da ọ́ìlì tuntun sí i, tí wọ́n á sì lé atẹ́gùn jáde. Ẹnì kan á tẹ bíréèkì dúró, ẹnì kejì á tú ihò kékeré tó wà lára sílíńdà táyà, kí ọ́ìlì gba inú rọ́bà bọ́ sínú ìgò. Kí ẹni àkọ́kọ́ tó gbé ẹsẹ̀, ẹnì kejì gbọ́dọ̀ ti dì í pa. Wọ́n á ṣe é títí ìfófòó kò fi ní jáde mọ́. Àṣà ni láti bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó jìnnà jù sí másítà sílíńdà: ẹ̀yìn lọ́tùn-ún, ẹ̀yìn lósì, iwájú lọ́tùn-ún, kí wọ́n tó parí sí iwájú lósì. Ọ́ìlì tó jáde kò gbọdọ̀ padà sínú ọkọ̀. Lẹ́yìn ìgbà náà, ẹ máa pààrọ̀ ọ́ìlì yìí ní ọdún méjì méjì.

Kí ọkọ̀ tó kúrò lọ́gbà mẹkáníìkì, ẹ̀yin fúnra yín ẹ dán an wò. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ tẹ bíréèkì lẹ́ẹ̀mẹrin tàbí márùn-ún, kí ẹ wá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú kan. Kò gbọdọ̀ rì. Láì gbé ẹsẹ̀, ẹ ṣí ẹ́ńjìnnì. Bó bá rọ̀ sílẹ̀ díẹ̀, haidirováàkì ń ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn náà kí ẹ wà á jẹ́jẹ́ níbi tí kò sí èrò. Fún nǹkan bí 200 kìlómítà àkọ́kọ́, ẹ má ṣe máa tẹ páàdì tuntun lójijì àyàfi bó bá di dandan.

Àtúnṣe ojú ayé

Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Àwọn mẹkáníìkì kan wà tó jẹ́ pé bí sílíńdà táyà kan bá ń jò, wọ́n á tẹ páìpù tó lọ síbẹ̀ pa, wọ́n á ní kí ẹ máa lọ. Ọkọ̀ náà á máa dúró lórí táyà mẹ́ta, ọjọ́ tí òjò bá rọ̀ ni ẹ ó mọ̀ nígbà tó bá yí po lójú títì. Òmíràn á da omi ọṣẹ sí i nítorí kò rí ọ́ìlì rà. Omi á hó kíákíá, á sì mú kí irin inú rẹ̀ dípẹtà. Èyí tó burú jù ni ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì. Bó bá wọ inú ìjánu, gbogbo rọ́bà á wú, á sì rọ̀, kò sí èyí tó ṣeé lò mọ́ nínú wọn. Bí ẹnikẹ́ni bá ti ṣe irú rẹ̀ fún yín, gbogbo rọ́bà ni kí ẹ pààrọ̀.

Ọjà ohun èlò ọkọ̀ ní Ládípọ̀ ní Mushin tàbí Agodi Gate n'Ìbàdàn kò jìnnà sí ẹni tó bá fẹ́ wá a. Ẹ mú ti àtijọ́ dání láti fi wé tuntun. Dísìkì tókunbọ̀ tó nípọn lè ṣe é rà, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe ra rọ́bà, họ́ọ̀sì tàbí páàdì tókunbọ̀, nítorí ìgbà tí wọ́n ti gbó ni wọ́n tú wọn. Ọ́ìlì bíréèkì tí ẹnì kan ti ṣí kalẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀ fún un.

Ọ̀rọ̀ ìlera náà kò gbọdọ̀ sẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ páàdì àti bíréèkì ṣúù àtijọ́ ní àsìbẹ́sítọ́ọ̀sì nínú, eruku rẹ̀ sì máa ń fa àrùn ẹ̀dọ̀fóró tó le, títí kan jẹjẹrẹ. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ẹnu tàbí ẹ̀rọ fẹ́ eruku inú dúrọ́ọ̀mù. Aṣọ tó tutù ni kí wọ́n fi nù ún, kí àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ sì máa bo imú.

Bó bá já lójú ọ̀nà

Ẹ má ṣe pa ẹ́ńjìnnì, ẹ má sì fa kọ́kọ́rọ́ yọ, nítorí sítíárì lè há. Ẹ tẹ bíréèkì léraléra kíákíá, bóyá á tún gbá ọ́ìlì jọ. Ẹ máa já jíà wálẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ́ńjìnnì lè fa ọkọ̀ sẹ́yìn. Ẹ rọra fa hánbíréèkì, ẹ má fà á lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ tẹ fèrè, ẹ tan iná, kí ẹ sì wá ibi tí ilẹ̀ ti gòkè tàbí ibi tí igbó wẹ́wẹ́ wà. Lórí òkè tó gùn, jíà tí ẹ bá fi gun òkè náà ni kí ẹ fi sọ̀ kalẹ̀, kí bíréèkì lè sinmi.

Láti ọdún 1988 tí wọ́n ti dá Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó sílẹ̀, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká sì jẹ́ alága rẹ̀ àkọ́kọ́, ni wọ́n ti ń kéde pé kí á yẹ ọkọ̀ wò kí á tó gbéra. Ṣùgbọ́n ẹ̀ṣọ́ kò lè dúró sí ẹnu ọ̀nà oko gbogbo wa. Ìyá tó gbé apẹ̀rẹ̀ tòmátì sẹ́yìn wágọ́nù kò mọ ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀, ọmọ ilé ìwé tó jókòó sílà kẹta kò mọ̀ ọ́n pẹ̀lú. Ẹni tó di sítíárì mú nìkan ló lè mọ̀.

Nítorí náà, bí owó kò bá tó láti tún gbogbo 504 ṣe lẹ́ẹ̀kan, ẹ jẹ́ kí ọ̀dà dúró, ẹ jẹ́ kí aṣọ ìjókòó dúró, kí rédíò náà ṣì máa kùn bó ṣe ń kùn. Ìjánu ni kó kọ́kọ́ gba owó. Bí owó ti ìjánu pàápàá kò bá sì tíì sí, àbẹ́ igi lẹ́yìnkùlé kò burú fún ọkọ̀ tó ti ṣiṣẹ́ ogójì ọdún, títí owó yóò fi dé.